Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Ṣe Ìfági Onígi ní Ìlànà Àwọn Oníṣẹ́ Igi Ilẹ̀ Ṣáínà

Ẹni tó bá ti fi ìfági onírin tí wọ́n ń tà lọ́jà fá pákó apá tàbí ọ̀gànwó rí mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Bí abẹ bá ti ń lọ síwájú, ibì kan a dán, ibi tó tẹ̀lé e a sì fà ya, nítorí pé iṣan ọ̀pọ̀ igi ilẹ̀ wa kì í tò sí ọ̀nà kan ṣoṣo: bí apá kan bá dojú kọ iwájú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè dojú kọ ẹ̀yìn. Dígírì 45 ni wọ́n gbé abẹ ọ̀pọ̀ jù lọ ìfági onírin kà, ìwọ̀n tó bá igi rírọ̀ bíi páìnì mu dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò tó fún igi líle tí iṣan rẹ̀ lọ́ mọ́ra. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fi igi pupa líle ṣe àga, tábìlì àti àpótí láti ìgbà ìjọba Ming, èyí tó wà láàárín ọdún 1368 sí 1644, àwọn oníṣẹ́ igi ti mọ̀ tipẹ́ pé bí igi bá ṣe le tó ni abẹ gbọ́dọ̀ nàró tó. Ìfági onígi tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe fún irú igi bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, kí káfíńtà tó wà ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀ lè ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti igi tó wà nítòsí rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni a tò pọ̀ di ìfági Ṣáínà. Èkíní ni ara rẹ̀, tí í ṣe ìtì igi kan ṣoṣo. Èkejì ni abẹ. Ẹ̀kẹta ni wẹ́ẹ̀jì, igi pẹlẹbẹ tó há abẹ mọ́ inú ihò. Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́ ìdìmú, igi kan tó dábùú lẹ́yìn abẹ, tó sì yọ sí ọ̀tún àti sí òsì. Song Yingxing, ọ̀mọ̀wé ará Ṣáínà tó kọ̀wé lórí onírúurú iṣẹ́ ọwọ́ ní ọdún 1637, ti júwe ìfági yìí nígbà náà: irin tí a lẹ irin líle mọ́, tí a pọ́n, tí a gbé dagun sínú igi tí ẹnu rẹ̀ fi yọ díẹ̀ kínún, pẹ̀lú igi ìdábùú tó dà bí ìyẹ́ méjì tí oníṣẹ́ dì mú tó fi ń tì í síwájú. Ó tún mẹ́nu ba ìfági ńlá kan tí àwọn tó ń ṣe àgbá máa ń dá dùbúlẹ̀, tí wọ́n á wá máa fa igi gba orí abẹ rẹ̀, àti òmíràn tó ní abẹ kéékèèké tó ju mẹ́wàá lọ lára igi kan, èyí tí wọ́n fi ń mú igi dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Àwọn ará Japan máa ń fa ìfági tiwọn sọ́dọ̀ ara wọn, ṣùgbọ́n títì síwájú ni ti Ṣáínà, bí àwa náà ti ń ṣe é, nítorí náà ara káfíńtà wa kò ní ṣe àjèjì sí i.

Gígùn rẹ̀ máa ń yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe. Èyí tí wọ́n fi ń to ẹ̀gbẹ́ pákó kí méjì lè lẹ̀ mọ́ra máa ń ju mìlímítà 400 lọ. Èyí tí wọ́n fi ń parí iṣẹ́ lè má ju 150 sí 200 lọ. Fún ẹni tó ń ṣe àkọ́kọ́, mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ṣe èyí tó wà láàárín, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 280. Ó gùn tó láti mú pákó tẹ́jú, kò sì gùn débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń kan pákó, yóò ṣòro láti tọ́.

Igi tí a ó lò

Ní ìhà àríwá Ṣáínà, igi jujube àti igi líle kan tí wọ́n ń pè ní qinggang wà lára èyí tí wọ́n ń lò fún ara ìfági. Àwọn tó bá sì rí i á lo igi pupa olówó iyebíye tí wọ́n ń pè ní hongmu. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi ọkàn sí ni pé ọ̀kan nínú àwọn igi tí ìjọba Ṣáínà kà mọ́ hongmu ń hù nínú igbó wa. Òun ni igi tí àwọn oníṣòwò gẹdú ń pè ní kosso, tí àwọn Haúsá ń pè ní madobiya, ìbátan igi osùn, tó máa ń sun oje pupa bí a bá ṣá a lọ́gbẹ́. Ọkọ̀ àjàgbé kó o kúrò ní Kogi lọ sí èbúté lọ́pọ̀ yanturu, títí tí àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu, èyí tí a mọ̀ sí CITES, fi fi í sábẹ́ ìṣọ́ ní ọdún 2017. Ó dùn mí gan-an pé ọ̀pọ̀ ìtì rẹ̀ ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ kí káfíńtà Yàgbà tàbí Bùnú tó fi ṣe irinṣẹ́ kan ṣoṣo fún ara rẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ gé kosso tútù lulẹ̀ nítorí ìfági. Ohun tí a nílò kò ju ìtì kékeré kan lọ. Ní ilé ìlagi, àjákù tó tó bẹ́ẹ̀ wà nínú òkìtì tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń dáná. Òpó àti àtẹ́rígbà ilé àtijọ́ tí wọ́n wó dára ju igi tuntun lọ, nítorí pé ó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́ kò sì ní yíra padà mọ́. Apá àti ìrókò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Igi ayan náà dára púpọ̀, bí ó tilẹ̀ le fún ṣísẹ́lì. Ẹ yẹra fún meláínà àti gbogbo igi fúyẹ́fúyẹ́ tí èékánná lè dá ojú sí lára, nítorí pé àtẹ́lẹsẹ̀ ìfági yóò máa ha mọ́ igi mìíràn lójoojúmọ́. Igi inú, ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣókùnkùn, ni kí ẹ mú. Ẹ gé funfun tó wà lábẹ́ èèpo kúrò pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bí igi náà kò bá tíì gbẹ, ẹ kun ẹnu rẹ̀ méjèèjì ní ọ̀dà tàbí ìda, kí omi má bàa tètè gba ibẹ̀ jáde kí ó sì sán. Ẹ tò ó sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá tí oòrùn kò sì dé. Àwọn oníṣẹ́ igi máa ń ka ọdún kan fún ìnṣì kan nínípọn; èmi yóò fi kún un pé kí igi náà rí ọyẹ́ kan kọjá, ó kéré tán, kí a tó fi irin kàn án, nítorí pé igi tó gbẹ ní oṣù kẹjọ lójú wa ṣì ní omi tí oṣù kìíní yóò fà jáde. Ọ̀nà tó dájú láti mọ̀ ni kí ẹ máa gbé e sórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìwúwo rẹ̀ kò bá dín mọ́, ó ti gbẹ dé ibi tí yóò gbẹ dé.

Ẹ wá wo ẹnu igi náà dáadáa kí ẹ tó pinnu èyí tí yóò jẹ́ ìsàlẹ̀. Òrùka tó wà níbẹ̀ yóò fi ìhà èèpo hàn yín. Ìhà èèpo yẹn ni kí ẹ dà sílẹ̀ kí ó di àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tọpa iṣan igi: bí kò bá lè lọ tààrà, ó yẹ kí ó máa rọ̀ sílẹ̀ láti iwájú lọ sí ìdí, kí títì tí a ń tì í má bàa máa ká iṣan rẹ̀ sókè.

Ìwọ̀n àti ìlà

Ìwọ̀n abẹ ni ó ń pinnu ìwọ̀n ara. Abẹ oní-mìlímítà 44 àti oní-51 ló wọ́pọ̀ ní Ṣáínà. 44 ni a ó lò níbí. Ẹ fá ìtì náà títí yóò fi jẹ́ 280 ní gígùn, 66 ní fífẹ̀ àti 48 ní gíga. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú tẹ́jú, kí ẹ sì fi síkúwíà mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá a mu, nítorí pé láti ara rẹ̀ ni a ó ti máa wọn gbogbo ohun tó kù.

Ní àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ wọn 125 láti iwájú, kí ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà dábùú ibẹ̀. Ìlà ọ̀bẹ ni, kì í ṣe ti pẹ́ńsù, nítorí pé ẹnu ṣísẹ́lì máa ń jókòó sínú ojú ọ̀bẹ, ti pẹ́ńsù sì nípọn ju àṣìṣe tí a lè gbà láàyè lọ. Ibẹ̀ ni abẹ yóò ti yọ. Ní òkè, ibi tí ìlà yóò wà ni yóò sọ bí abẹ yóò ṣe nàró tó, a kò sì nílò irinṣẹ́ ìwọngun kankan láti rí i. Bí òkè bá fi 48 wà lẹ́yìn ìlà ìsàlẹ̀, dígírì 45 ni a rí, nítorí pé gíga ara náà jẹ́ 48. Bí ó bá fi 40 wà lẹ́yìn, dígírì 50 ni. Bí ó bá fi 28 wà lẹ́yìn, ó ti sún mọ́ 60. Fún iṣẹ́ gbogbo nínú ìrókò àti ọ̀gànwó, 50 ni mo fara mọ́. Sí apá, sí ayan, sí pákó tí iṣan rẹ̀ lọ́ mọ́ra gan-an, ẹ lọ sí 60. Títì rẹ̀ yóò wúwo díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n igi kò ní fà ya. Bí ẹ bá ti yan 50, ìlà òkè yóò wà ní 165 láti iwájú. Ẹ so ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìtì náà, kí ojú yín lè máa tọ́ ọwọ́ yín sọ́nà nígbà tí ẹ bá ń gbẹ́ inú.

Ògiri iwájú ihò kò ṣòro. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní 122 nísàlẹ̀, kí ó sì fà síwájú díẹ̀ títí dé 118 lókè, kí èérún igi lè rí ọ̀nà gòkè.

Gbígbẹ́ ihò àti ìrọ̀gbọ̀kú abẹ

Ihò yìí ni gbogbo iṣẹ́. Bí ibi tí abẹ rọ̀gbọ̀kú sí kò bá tẹ́jú, abẹ yóò máa gbọ̀n, yóò sì máa fi ìlà kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ sára igi, bí irin rẹ̀ ti wù kí ó dára tó. Mo ti rí ìfági tó rẹwà lójú, tí wọ́n fi epo pa tó ń dán, tí kò sì lè fá igi, nítorí pé ẹni tó ṣe é kánjú níbí. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìpele yìí ní ọjọ́ tí oníbàárà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Iwájú ihò náà kì í fẹ̀ tó ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ẹ̀yìn, níbi tí abẹ àti wẹ́ẹ̀jì yóò jókòó, ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 46, kí àyè mìlímítà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ abẹ ní ọ̀tún àti ní òsì. Ní iwájú wọn, 34 péré ni, kí igi tó ṣẹ́ kù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè di èjìká tí wẹ́ẹ̀jì yóò fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ àárín tó jẹ́ 34. Ẹ fi dírílì lu ihò kéékèèké ní ìtò láti òkè, kí ó dagun bá ìlà ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ dúró kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Ẹ dojú ìtì náà dé, kí ẹ fi ṣísẹ́lì tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́ ẹnu ìfági, ibi tí abẹ ń gbà yọ, láti àtẹ́lẹsẹ̀ wá, ní fífẹ̀ 46 àti ní ìwọ̀n mìlímítà 2 sí 3, títí àwọn méjèèjì yóò fi pàdé. Láti ìhà méjèèjì ni kí ẹ ti gbẹ́ ẹ, nítorí pé ẹni tó bá fi ìlù òòlù kan gba ihò já láti òkè yóò fọ́ etí ẹnu, kò sì sí àtúnṣe tó mọ́ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́ àyè abẹ àti wẹ́ẹ̀jì sínú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní jíjìn mìlímítà 6. Ìlà kan yóò bá ìrọ̀gbọ̀kú abẹ lọ lọ́gbọọgba. Ìlà kejì, ti èjìká, yóò yà kúrò lára ti àkọ́kọ́ bí ó ti ń gòkè: bí a bá fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí ìlà abẹ, ní gbogbo mìlímítà 6 tí a gùn, kí àyè náà fi mìlímítà 1 fẹ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé wẹ́ẹ̀jì tó bá tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń fò jáde bí a bá ń ṣiṣẹ́, èyí tó bá sì tín-ín-rín jù máa ń há débi pé yóò fẹ́ la ara ìfági. Nítòsí ẹnu, ẹ gé ìdí èjìká kúrò pátápátá, kí èérún tó fẹ̀ tó abẹ má bàa kọ́ sí i lára.

Ẹni tí èjìká yìí bá le fún ní ọ̀nà mìíràn, tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ní Ṣáínà náà ń lò: kí ó gbẹ́ ihò náà ní 46 látòkè délẹ̀, kí ó sì fi ọ̀pá irin oní-mìlímítà 8 dábùú inú rẹ̀, tí àárín ọ̀pá náà yóò fi 16 jìnnà sí ìrọ̀gbọ̀kú abẹ. Abẹ́ ọ̀pá yẹn ni wẹ́ẹ̀jì yóò há sí. Ó lágbára, ó sì yá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn èjìká ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò ní irin tí èérún lè rọ̀ mọ́.

Ó wá ku ìrọ̀gbọ̀kú fúnra rẹ̀. Ẹ da dúdú ẹ̀yìn ìkòkò tàbí ti àtùpà pọ̀ mọ́ ẹ̀kán òróró kan, kí ẹ fi ìka pa á sí ẹ̀yìn abẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì tẹ abẹ náà mọ́ àyè rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ibi tó ga nínú igi yóò ti dúdú. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fá, pẹ̀lú ṣísẹ́lì tó mú dáadáa tí ẹ fi ọwọ́ tì láìlo òòlù, kí ẹ sì tún pa dúdú náà, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ní àkọ́kọ́, ojú dúdú méjì tàbí mẹ́ta péré ni yóò hàn. Bí iṣẹ́ ti ń lọ, wọn yóò máa pọ̀, wọn yóò sì máa kéré. A ti débẹ̀ nígbà tí dúdú bá hàn káàkiri etí ẹnu láti igun kan dé ìkejì, tó sì tún hàn ní òkè ní ọ̀tún àti ní òsì. Àárín lè jìn díẹ̀, kò burú. Kódà, ó sàn kí ó jìn ju kí ó ga lọ, nítorí pé àárín tó bá ga ni abẹ yóò máa mì lé lórí. Àwọn ọmọṣẹ́ máa ń béèrè pé ìgbà wo ni yóò tó. Ẹ ki wẹ́ẹ̀jì bọ̀ ọ́, kí ẹ fi ìka kan òkè abẹ pẹ́pẹ́: bí ìró rẹ̀ bá le, tó kúrú, abẹ ti jókòó; bí ó bá ń dún bí irin tó fì sínú òfuurufú, ẹ padà sídìí dúdú.

Abẹ

Ní Ṣáínà, abẹ àtijọ́ kì í ṣe irin líle látòkè délẹ̀. Irin rírọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì fi iná lẹ irin líle pẹlẹbẹ kan mọ́ ojú rẹ̀ níbi tó ń gé, nítorí pé irin líle wọ́n, irin rírọ̀ sì rọrùn láti pọ́n. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ irú ìlẹ̀mọ́ra bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yá jù lónìí ni kí a fún alágbẹ̀dẹ ní awẹ́ sípíríǹgì ọkọ̀ ńlá, kí ó lù ú títí yóò fi jẹ́ mìlímítà 44 ní fífẹ̀, bíi 170 ní gígùn, kí ó nípọn tó 4 níbi ẹnu kí ó sì fẹ́lẹ́ díẹ̀ bí ó ti ń lọ sókè. Ẹ tẹnu mọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yìí fún un. Abẹ tí ẹnu rẹ̀ nípọn ju òkè lọ kì í tètè sún sókè, bí a bá ti ki wẹ́ẹ̀jì mọ́ ọn.

Kí ó tó fún un ní líle, ẹ fi òkúta ìpọ́nrin mú ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, kí ẹ sì fi fáìlì gé ẹnu rẹ̀ dagun sí dígírì 30. Lẹ́yìn náà, kí a fi ẹnu náà sínú iná títí mágnẹ́ẹ̀tì kò fi ní fà á mọ́, kí a fi í síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, kí a sì rì í sínú òróró lílọ́wọ́ọ́rọ́, ní ìnàró, láìfì í sí ẹ̀gbẹ́. Òróró ni, kì í ṣe omi. Omi máa ń mú irin sípíríǹgì sán. Ní àkókò yìí, ó le débi pé ó lè ṣẹ́ bí dígí, nítorí náà ẹ tètè fi sáǹpépà nu ojú rẹ̀ mọ́, kí ẹ máa yá òkè rẹ̀ níná díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò fi dà bíi pòpórò gbígbẹ. Bí ó bá ti kọjá síbi àwọ̀ ayìnrín, ó ti rọ̀ jù, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lórí abẹ, wọ́n máa ń fi ìdè gbé irin kejì tó kúrú, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọlé díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣẹ́ èérún igi kíákíá kí ó má bàa ya síwájú abẹ. Fún igi líle, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fi ìdajì mìlímítà tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ẹnu abẹ, kí ó sì lẹ̀ mọ́ abẹ débi pé ìmọ́lẹ̀ kò lè gba àárín wọn kọjá. Fún ìfági tó ti wà ní dígírì 60, ẹ lè má fi í sí i rárá.

Wẹ́ẹ̀jì, ọwọ́ àti epo

Wẹ́ẹ̀jì kò gbọ́dọ̀ le ju ara ìfági lọ. Ọ̀gànwó dára fún un. Kí ó fẹ̀ tó 44, kí ó má sì ṣe fún mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èyí ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa ju bí ó ti ṣe pàtàkì níbi tí atẹ́gùn kì í yí padà lọ. Ní àsìkò ọyẹ́, ara ìfági yóò sún kì, ṣùgbọ́n irin kì í sún kì. Bí kò bá sí àyè mìlímítà kan tí mo sọ yẹn ní ẹ̀gbẹ́ abẹ, ògiri ni yóò là. Ọ̀pọ̀ ìfági onígi tó ti ilẹ̀ tútù wá ni ó ti là báyìí lọ́wọ́ àwọn káfíńtà wa, tí wọ́n sì rò pé igi ni kò dára.

Ọwọ́ ìdìmú máa ń jẹ́ bíi mìlímítà 220 ní gígùn, kí ó rí roboto tí kò ní ha àtẹ́lẹwọ́. Ẹ lu ihò fún un láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì lẹ́yìn abẹ, ní òkè díẹ̀ sí àárín gíga ara, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wọlé pẹ̀lú ìfúnmọ́ díẹ̀ láìfi gúlù sí i, kí ẹ lè yọ ọ́ bí ẹ bá fẹ́ gbé ìfági sínú àpò. Àwọn kan ní Ṣáínà máa ń gbẹ́ tiwọn bí ìwo màlúù, wọ́n á sì gbé e ka orí ara ìfági. Ó lẹ́wà, ó sì bá ọwọ́ mu.

Àwọn oníṣẹ́ Ṣáínà máa ń fi epo èso igi tung pa ara ìfági, nítorí pé ó máa ń gbẹ mọ́ inú igi. Èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú ohun tí a lè rí ni òróró lìnsíìdì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ọ̀dà. Ẹ fi pa á ní ìpele tín-ín-rín, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tún un pa. Ẹnu méjèèjì ìtì náà ni kí ẹ fún ní púpọ̀ jù. Ẹ sá àkísà tí ẹ fi pa á sílẹ̀ ní gbalasa kí ó gbẹ, nítorí pé àkísà tí a ká jọ pẹ̀lú epo yìí lè gbiná fúnra rẹ̀. Epo pupa kò dára fún un, yóò kàn máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni.

Títọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ àti lílo rẹ̀

Ẹ ki abẹ àti wẹ́ẹ̀jì bọ inú ìfági bí ẹni fẹ́ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnu abẹ wọlé díẹ̀ kí ó má yọ. Ẹ wá tẹ́ sáǹpépà sórí dígí nínípọn, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ ha á títí yóò fi kan gbogbo ojú rẹ̀. Abẹ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìháámọ́ wẹ́ẹ̀jì máa ń tẹ ara ìfági díẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ tí a tọ́ láìsí abẹ nínú rẹ̀ yóò wọ́ bí a bá fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi fáìlì pẹlẹbẹ ṣí ẹnu, láti ìhà iwájú nìkan, díẹ̀díẹ̀, títí àyè tó wà níwájú abẹ yóò fi tó ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan.

Láti mú abẹ yọ, ẹ fi òòlù kékeré kan orí rẹ̀. Láti fà á wọlé, ẹ kan ìdí ara ìfági. Bí igun kan bá yọ ju ìkejì lọ, ẹ kan ẹ̀gbẹ́ abẹ lókè. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ láti iwájú: ẹnu abẹ yẹ kí ó hàn bí irun kan ṣoṣo tó dábùú, kí ó sì rí bákan náà láti ọ̀tún dé òsì.

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di igi ìdábùú mú, kí àtàǹpàkò wà lẹ́yìn, kí ìka ìlábẹ̀ méjèèjì nà síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ kí wọ́n sì máa tẹ ara ìfági mọ́lẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ pákó ni kí ìka ti tẹ iwájú, òpin rẹ̀ ni kí ọwọ́ ti tẹ ìdí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí pákó méjèèjì yóò fá ju àárín lọ. Bẹ́ńṣì tí a ń lò gbọ́dọ̀ ní igi ìdádúró níwájú tí pákó yóò fi orí tì. Àwọn káfíńtà Ṣáínà máa ń pe ìdádúró yẹn ní ìyàwó Lu Ban. Lu Ban ni àgbà oníṣẹ́ igi tí wọ́n gbà pé ó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń bu ọlá fún bí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń bu ọlá fún Ògún. Ìtàn wọn ni pé ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a di pákó mú, títí ó fi kan ìdádúró mọ́ bẹ́ńṣì tí obìnrin náà sì sinmi.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ tú wẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ díẹ̀, ẹ má fi í síbẹ̀ ní híhá mọ́jú, pàápàá láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Ẹ gbé ìfági sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnu abẹ má bàa kan ilẹ̀. Ẹ fi ìda oyin tàbí àbẹ́là ra àtẹ́lẹsẹ̀ kí ó lè máa yọ̀ lórí igi. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tún fi sáǹpépà tó wà lórí dígí yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó sì rí i pé ó ti wọ́ díẹ̀. Ní ọdún kejì kò ní wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lílò àti títọ́ léraléra yóò mú kí ẹnu fẹ̀ bí ọdún ti ń lọ, nítorí pé ihò náà fẹ̀ sí i bí a ti ń gòkè. Nígbà náà, ẹ gbẹ́ ojú kékeré kan sí àtẹ́lẹsẹ̀ níwájú ẹnu, ní jíjìn mìlímítà 6, kí ẹ fi gúlù lẹ awẹ́ igi ayan tàbí kosso tó ṣe rẹ́gí síbẹ̀, tí iṣan rẹ̀ lọ sí ibi kan náà pẹ̀lú ti ara ìfági, kí ẹ tún àtẹ́lẹsẹ̀ tọ́, kí ẹ sì ṣí ẹnu tuntun pẹ̀lú fáìlì bí ti àkọ́kọ́.